Orí Kẹfà: Ìkìlọ̀ Tí Bíréèkì Ọkọ̀ Akẹ́rù Ńlá Máa Ń Ṣe Kí Ó Tó Kọṣẹ́

6.1 Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ Enugu

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, bíréèkì ọkọ̀ agbépo kan kọ̀ lórí Ugwu Onyeama, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Enugu sí Onitsha. Ọkọ̀ náà já lu ọkọ̀ 17, iná sì sọ. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, kéde pé ènìyàn 18 ló bá ìjàǹbá náà lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè rò pé ọ̀nà yẹn jìnnà sí òun. Kò jìnnà rárá. Tírélà tó bá di ẹrù ní Èkó máa ń gba Ọ̀rẹ̀, ó gba Benin àti Asaba, ó sọdá Odò Ọya sí Onitsha, ó gba Awka, ó sì forí lé 9th Mile. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà yìí ló tẹ́jú, tàbí kó máa gòkè kó máa sọ̀ ní ìwọ̀nba. Bíréèkì tí kò dá ṣáṣá lè rìn ín já láìsí ẹni tó fura. Ẹ̀yìn 9th Mile ni ọ̀rọ̀ ti ń yàtọ̀, torí àwọn òkè Udi wà ní ìwọ̀-oòrùn Enugu, ìlú fúnra rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ tó gba Milliken Hill tóóró, ó sì kún fún kọ̀rọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Onyeama fẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ kò ní kí ó má sọ̀ kalẹ̀. Báyìí ni ọkọ̀ tó ti rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà pẹ̀lú ẹrù kíkún yóò ṣe pàdé ìdánwò tó le jù ní ìparí ìrìn àjò, nígbà tí ó ti rẹ awakọ̀, tí ara irin sì ti gbóná.

Ní Independence Layout, àdúgbò tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Enugu àti Hotel Presidential wà, ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ yóò rí i tí tírélà ń já sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹrù bẹ́ẹ̀ ló gba orí òkè yẹn kọjá kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà onílé. Ìdí nìyí tí a fi mú ìrìn láti 9th Mile wọ Independence Layout ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀ orí yìí.

Bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, gbólóhùn kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: “Bíréèkì já.” A gbọ́ ọ ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí ọkọ̀ agbépo kan já wọ ibùdókọ̀ ní Upper Iweka ní Onitsha, tí nǹkan bí 70 ènìyàn sì kú. A gbọ́ ọ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018 lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó, níbi tí ó kéré tán ènìyàn 9 ti kú tí ọkọ̀ tó ju 50 sì jóná. A tún gbọ́ ọ ní Felele, ní Lọ́kọ́ja, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, nígbà tí ènìyàn 23 kú, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. A máa ń sọ gbólóhùn náà bí ẹni pé ó ti parí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí kọ́ nínú orí yìí ni pé ibẹ̀ ló yẹ kí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Lára tírélà tó ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí bíréèkì kọṣẹ́ láìjẹ́ pé ó ti ń kìlọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ba bíréèkì tó dára jẹ́ bí awakọ̀ bá mọ̀ ọ́n sọ̀. Bíréèkì tó ti bàjẹ́ láti ilé ni ó máa ń tú àṣírí rẹ̀.

6.2 Bí bíréèkì afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́

O ti rí kọ́ńpírẹ́sọ̀ tí fókánáísà fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Irú rẹ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnnì tírélà. Òun ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú àwọn táǹkì irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, afẹ́fẹ́ yóò jáde láti inú táǹkì, yóò gba inú họ́ọ̀sì lọ sí ṣáńbà, ìyẹn agolo onírin tó wà nídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ṣáńbà ni awọ rọ́bà kan wà. Afẹ́fẹ́ á ti awọ náà, awọ náà á ti ọ̀pá irin kan jáde, ọ̀pá á ti apá tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ajọ́sítà, ajọ́sítà á sì yí irin gígùn kan tí orí rẹ̀ rí bíi lẹ́tà S. Orí S yìí ló ń ya ṣúù méjèèjì sọ́tọ̀ kí láínì tó wà lára wọn lè gbo inú dúrọ́ọ̀mù. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń rí ìdádúró.

Háńdì-bíréèkì yàtọ̀ sí èyí, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Nínú ṣáńbà àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni sípíríǹgì líle kan wà tó fẹ́ mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ nígbà gbogbo. Afẹ́fẹ́ ló ń fún un mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ lè rìn. Bí afẹ́fẹ́ inú táǹkì bá ń lọ sílẹ̀ títí ó fi dé àárín 45 sí 20 psi (ìwọ̀n tí gééjì fi ń ka agbára afẹ́fẹ́), apá sípíríǹgì yóò ká afẹ́fẹ́, yóò sì mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ gírígírí.

Ro èyí dáadáa kí o tó ka ìlà tó kàn. Nínú tírélà tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pé, bí afẹ́fẹ́ bá tán pátápátá, ọkọ̀ yóò dúró ni. Kò ní sáré. Kí ló wá dé tí a fi ń rí tírélà tó ń já bọ̀ láti orí òkè láìsí ohun tó lè dá a dúró? Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀. Ìkínní, láínì kò lè kan dúrọ́ọ̀mù mọ́, tàbí ó kàn án ṣùgbọ́n kò lè mú un. Ìkejì, ẹnì kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ de sípíríǹgì náà mọ́lẹ̀. Ojú ni a fi ń rí méjèèjì kí ọkọ̀ tó kúrò ní gárééjì.

Àwọn ọkọ̀ àgbà kan ṣì wà lójú pópó tó jẹ́ pé òróró bíréèkì ni wọ́n ń lò, yálà lásán tàbí pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ààbò sípíríǹgì tí a ṣàlàyé yìí. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà níwájú rẹ̀. Lára irú ọkọ̀ olóròóró bẹ́ẹ̀, pẹ́dà tó ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí òróró tó ń dín láìjẹ́ pé a rí ibi tó ń jò sí, ti tó láti dá ọkọ̀ náà dúró sí gárééjì.

6.3 Ìṣirò ooru

Bíréèkì kì í pa eré ọkọ̀ rẹ́; ó ń sọ ọ́ di ooru ni. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní tírélà kan àti ẹrù rẹ̀ wúwo tó 30,000 kg, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ga ju ìsàlẹ̀ lọ ní mítà 150. Agbára tó gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí eré rẹ̀ má baà pọ̀ sí i ni:

30,000 × 9.8 × 150 = 44,100,000 joule

Láti mú lítà omi kan láti 30°C dé 100°C gba nǹkan bí 294,000 joule. Bí a bá fi èyí pín ti òkè yẹn, a ó rí 150. Ìyẹn ni pé ooru tó lè mú kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 mẹ́fà débi tí omi inú rẹ̀ yóò hó ni ọkọ̀ kan ṣoṣo ní láti dà nù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí awakọ̀ bá lo jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì á gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá wà ní níútà, tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní fírì, láínì àti dúrọ́ọ̀mù nìkan ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà lé lórí.

Bí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná, irin rẹ̀ á fẹ̀, yóò sì máa sún kúrò lọ́dọ̀ láínì. Ọ̀pá inú ṣáńbà á ní láti jáde sí i kí ṣúù tó kan án. Láínì tó gbóná jù náà kì í mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní fade. Nínú ìwé yìí, a óò pè é ní àárẹ̀ bíréèkì. Awakọ̀ á tẹ pẹ́dà, afẹ́fẹ́ á wà nínú táǹkì, gééjì á fi hàn pé kò sí wàhálà, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

6.4 Ohun tí ojú, etí, imú àti ẹsẹ̀ ń sọ

Bẹ̀rẹ̀ láti orí gééjì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ gééjì yẹ kó gòkè dé nǹkan bí 120 sí 125 psi kí kọ́ńpírẹ́sọ̀ tó sinmi, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti sọ̀ dé nǹkan bí 100. Láti 85 dé 100 psi kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú-àáyá 45 lọ. Bí ó bá ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, yálà kọ́ńpírẹ́sọ̀ ti gbó tàbí afẹ́fẹ́ ń sá lọ. Pa ẹ́ńjìnnì, tú háńdì-bíréèkì sílẹ̀ lẹ́yìn tí o ti fi igi há táyà, kí o sì wo abẹ́rẹ́ náà fún ìṣẹ́jú kan. Lára tírélà, kò yẹ kó sọ̀ ju 3 psi lọ; bí ẹnì kan bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, kò yẹ kó ju 4 lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yìí ń gbà. Mi ò rí àwáwí kankan fún ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù lọ sí Enugu tí kò ṣe é.

Bí afẹ́fẹ́ bá sọ̀ dé nǹkan bí 60 psi, iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn tàbí kí agogo ìkìlọ̀ ké. Àwọn kan máa ń gé wáyà agogo yìí torí pé ariwo rẹ̀ ń dà wọ́n láàmú. Bí o bá bá ọkọ̀ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ 60 tí ohunkóhun kò dún, àìsàn méjì lo rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Etí ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń jò, fììì, nídìí họ́ọ̀sì tàbí lẹ́nu ṣáńbà. Àárọ̀ kùtù, kí ọjà àti ìlú tó dìde, ni ó dára jù láti fetí sí i. Ariwo irin tó ń ha irin nígbà tí a bá tẹ bíréèkì túmọ̀ sí pé láínì ti jẹ tán. Láínì tó bá ti kéré sí nǹkan bíi mìlímítà 6, pàápàá lára àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kò yẹ kó tún rìn.

Imú ń gbọ́ òórùn láínì tó ń jóná. Ó ta imú, ó yàtọ̀ sí ti rọ́bà tàbí ti dísù. Bí o bá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà títẹ́jú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti tẹ bíréèkì, ṣúù kan ti lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, kò fẹ́ tú. Bí o bá gbọ́ ọ nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, àárẹ̀ bíréèkì ti ń bọ̀. Èéfín tó bá tẹ̀ lé e túmọ̀ sí pé ó ti dé.

Ẹsẹ̀ awakọ̀ náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí a bá tẹ bíréèkì ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ kejì kò ṣiṣẹ́, tàbí pé girisi ti dà sí láínì. Pẹ́dà tó ń gbọ̀n rìrì lè jẹ́ àmì dúrọ́ọ̀mù tí kò rí róbótó mọ́ tàbí tó ti sán. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí mo bẹ̀ ọ́ kí o má gbàgbé ni èyí: awakọ̀ tó bá sọ pé, “Ọ̀gá, mo ní láti tẹ̀ ẹ́ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ kó tó mú,” ti sọ gbogbo ohun tí mẹkáníìkì nílò. Má dá a lóhùn pé kó máa rọra wa ọkọ̀. Lọ wọn ọ̀pá.

Àti ọwọ́: lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sọ̀ láti 9th Mile wọ ìlú, kó dúró sí ibi títẹ́jú. Na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìfi kàn án. Ìwọ̀n ooru wọn yẹ kó sún mọ́ra. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá èyí tó gbóná jù, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó tutù ni kí o kọ́kọ́ bẹ̀rù, torí kò ṣiṣẹ́ rárá, àwọn yòókù ló ń ru ẹrù tirẹ̀.

6.5 Wíwọn ọ̀pá ṣáńbà

Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni àkókò gbà ní ilé ẹ̀kọ́ yín, èyí ni kí olùkọ́ yàn. Bí láínì ṣe ń jẹ, ọ̀pá ṣáńbà ń jáde gùn sí i kí ṣúù tó kan dúrọ́ọ̀mù. Ṣáńbà sì ní òpin ibi tí ọ̀pá rẹ̀ lè jáde dé.

Gbé ọkọ̀ sí ibi títẹ́jú, fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn, tú háńdì-bíréèkì, kí afẹ́fẹ́ wà láàárín 90 sí 100 psi, kí o sì pa ẹ́ńjìnnì. Fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀pá níbi tó ti jáde lẹ́nu ṣáńbà. Ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ pátápátá, kó má tú u. Wọn ìjìnnà láti ẹnu ṣáńbà dé ibi àmì náà. Fún ṣáńbà tí wọ́n ń pè ní Type 30, tó wọ́pọ̀ lára àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tírélà, ìjìnnà náà kò gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 2 lọ, àyàfi bí ṣáńbà náà bá jẹ́ irú tí ọ̀pá rẹ̀ gùn. Ọ̀pá tó ti dé íǹṣì 2 nígbà tí dúrọ́ọ̀mù tutù ṣì lè dá ọkọ̀ dúró ní gárééjì. Lórí Ugwu Onyeama, nígbà tí dúrọ́ọ̀mù bá ti gbóná tó sì ti fẹ̀, ìwọ̀nba tó kù fún un láti jáde ni ooru yóò jẹ tán.

Bí ajọ́sítà bá jẹ́ irú tí a ń fi ọwọ́ yí, mẹkáníìkì á yí i padà sí ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ irú tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ọ̀pá sì gùn síbẹ̀, má yí i kí o sì lọ. Nǹkan mìíràn ló bàjẹ́, bóyá ajọ́sítà fúnra rẹ̀, bóyá irin orí S ti jẹ. Yíyí i á fi àìsàn náà pamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ni.

6.6 Àtúnṣe tó ń pani

Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò lára ẹsẹ̀ kan lójú ọ̀nà, sípíríǹgì á mú ẹsẹ̀ náà, ọkọ̀ kò sì ní lè rìn. Bóòtù kan wà tí a fi ń de sípíríǹgì mọ́lẹ̀ kí a lè fa ọkọ̀ náà dé gárééjì. Ìwọ̀nba iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan á de sípíríǹgì, wọ́n á di họ́ọ̀sì tó ń jò pa, wọ́n á sì máa gbé ẹrù lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ náà á rìn dáadáa. Ààbò ìkẹyìn tí a sọ ní 6.2 ti kúrò lára rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ burú, mẹkáníìkì tó ṣe é tó sì gba owó ti ṣe ohun tí kò yẹ kí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ gbà.

Omi inú táǹkì náà wà. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ní ọ̀rinrin púpọ̀, omi rẹ̀ sì ń kó jọ sí ìdí táǹkì. Fà á jáde lójoojúmọ́. Bí epo bá bá omi náà jáde, kọ́ńpírẹ́sọ̀ ti ń gbó.

Má sì da omi tútù sí dúrọ́ọ̀mù tó gbóná, bí o tilẹ̀ rí ọ̀pọ̀ mọ́tò bọ́ì tó ń ṣe é. Irin náà lè sán. Dúró kó tutù fúnra rẹ̀, fi igi há táyà.

6.7 Kí ọkọ̀ tó sọ̀ láti 9th Mile

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni FRSC ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan béèrè ẹ̀rọ adínerékù lára ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù. Ó dára, ṣùgbọ́n mọ ohun tí kò lè ṣe. Ẹ̀rọ náà ń dín epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe epo ló ń sáré, ìwúwo ọkọ̀ ni. Jíà àti bíréèkì nìkan ló lè gbà á.

Nítorí náà, orí òkè ni a ti ń yan jíà, kì í ṣe àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tán, jíà kékeré lè má wọlé mọ́, awakọ̀ á sì há sí níútà. Kó tẹ bíréèkì kí ó tó kúrò lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó gbọ́ bí ó ṣe mú. Bí ìwọ̀n eré tó yẹ bá jẹ́ kìlómítà 40 ní wákàtí kan, kó jẹ́ kí ọkọ̀ dé 40, kó tẹ bíréèkì gbọingbọin títí yóò fi sọ̀ sí nǹkan bí 32, kó tú ẹsẹ̀, kó sì tún un ṣe. Fífi ẹsẹ̀ lé pẹ́dà fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kì í jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù rí àyè sinmi.

Ìdánrawò

1. Tírélà kan wúwo tó 40,000 kg, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó ga ní mítà 120. Lítà omi mélòó ni agbára tó kúrò lára rẹ̀ lè mú láti 30°C dé 100°C?

2. Awakọ̀ kan sọ pé gééjì òun wà ní 110 psi nígbà tí bíréèkì kọ̀, pé òórùn jíjó sì ń wá. Ọ̀gá rẹ̀ ní kọ́ńpírẹ́sọ̀ ló bàjẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Fi ohun tó wà ní 6.3 ṣàlàyé.

3. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá kan dé Independence Layout, ẹsẹ̀ mẹ́jọ gbóná bákan náà, ọ̀kan gbóná rékọjá, ọ̀kan tutù. Sọ ohun tó lè fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí o máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

4. Kí nìdí tí ọkọ̀ tí a de sípíríǹgì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fi léwu ju èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń jò lọ?

5. Pẹ̀lú olùkọ́ rẹ, lọ sí gárééjì tírélà tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ni ibẹ̀, kí o sì wọn ọ̀pá ṣáńbà gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan. Kọ àwọn ìwọ̀n náà sílẹ̀, sàmì sí èyí tó ju íǹṣì 2 lọ, kí o sì fi han awakọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ kankan tí a kò tíì fi igi há táyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn.